Ẹnu Plọ́ọ̀gì

Bíléèdì ségẹ́ẹ̀tì ni ọ̀gá mi fi ń wọn ẹnu plọ́ọ̀gì. Ó ti ṣẹ́ ẹ kù bí ìka kan, ihò tó wà nídìí rẹ̀ ló sì fi so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé. Bí ó bá yọ plọ́ọ̀gì, á fi sáńpépà ha á, á fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, á fẹ́ atẹ́gùn sí i, á wá ki bíléèdì yẹn bọ àárín irin méjèèjì. Bí ó bá wọlé tó ń fà díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń fa òwú jáde lára ìdì, ó tó nìyẹn.

Ìjàpá ló pọ̀ jù lábẹ́ igi wa nígbà náà, àwọn Volkswagen tí wọ́n ń tò pọ̀ ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó láti ọdún 1975. Mìlímítà 0.6 sí 0.7 ni ìwé mọ́tò náà ní kí ẹnu plọ́ọ̀gì rẹ̀ jẹ́, bíléèdì ségẹ́ẹ̀tì sì sún mọ́ 0.6 tímọ́tímọ́. N kò gbà kí ẹnikẹ́ni fojú òpè wo ọ̀gá mi nítorí bíléèdì yẹn. Ó mọ mọ́tò tó ń tún ṣe, ó sì ń wọn plọ́ọ̀gì kó tó dì í padà. Èmi tí mo ní gééjì gidi nínú àpótí irin iṣẹ́, tí n kò sì yọ ọ́ jáde lọ́jọ́ tó yẹ, ni ẹjọ́ wà lọ́rùn mi.

Kí n tó ro ẹjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí á wo ohun tó wà lẹ́nu plọ́ọ̀gì. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba àárín tánganran funfun wá, òun ni iná ń gbà bọ̀. Ìkejì hù láti ara irin tó ní tírẹ́ẹ̀dì, ó sì tẹ orí kọ lé èkíní bí ẹni tó ń yọjú wo inú kànga. Wọn kò fara kanra. Afẹ́fẹ́ ló wà láàárín wọn, afẹ́fẹ́ kì í sì í gbé iná kiri. Bí ó bá ń gbé e ni, wáyà orí òpó ì bá ti pa gbogbo wa. Ṣùgbọ́n bí agbára tó ń ti iná bá pọ̀ dé ibì kan, afẹ́fẹ́ á ya, iná á sì gba ibi tó ya kọjá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀run nígbà tí òjò bá ṣú nìyẹn. Èdè wa ti sọ ọ́ tipẹ́: iná mọ̀nàmọ́ná là ń pe èyí tó wà nílé, mọ̀nàmọ́ná náà là ń pe èyí tó ń kọ lójú sánmà. Bí ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin bá ń yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, mọ̀nàmọ́ná 6,000 ló ń kọ nínú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú yẹn. Bí ọ̀kan bá kọ̀ tí kò kọ, ẹni tó ń wa mọ́tò á mọ̀ ọ́n lára.

Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi n'Íbàdàn fún bí ọdún mẹ́wàá nígbà tí nọ́ọ̀sì kan gbé Passat 1.8 oní-tọ́bò wá. Tòkunbọ̀ ni. Plọ́ọ̀gì rẹ̀ ti gbó, irin ẹnu wọn ti jẹ. Mo rán ọmọ iṣẹ́ lọ sọ́jà pààtì. Ẹni tó ń tajà wo èyí tó mú lọ́wọ́, ó gbé páálí mẹ́rin sílẹ̀, ó ní, “Èyí máa wọ̀ ọ́.” Irọ́ kọ́ ló pa. Tírẹ́ẹ̀dì bá tírẹ́ẹ̀dì mu, gígùn bá gígùn mu. Mo dì wọ́n, ẹ́ńjìnnì jí, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Mo gba owó iṣẹ́ mi.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi padà wá. “Ẹ̀gbọ́n,” ló wí, “tí mo bá ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò sí wàhálà. Àfi tí mo bá fẹ́ yọ tírélà sílẹ̀ lọ́nà Ọ̀yọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í já gbà-gbà-gbà bí ẹni tí òsúkè ń ṣe. Mo ti bọ́ sójú ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀, mọ́tò ò lọ.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò létí mi. Ọ̀nà àtijọ́ yẹn, àlọ àti àbọ̀ lórí ọ̀dà kan ṣoṣo.

Mo gbé mọ́tò náà yí ká láti Mọ́kọ́lá dé Sángo, kò já rárá. Mo pààrọ̀ kọ́ìlì méjì. Ó lọ, ó padà wá, ó ṣì ń já. Mo fọ nọ́sù, mo pààrọ̀ fílítà epo. Ó ṣì ń já. Nígbà kẹta ni mo sọ fún un pé, “Àǹtí, ẹ jẹ́ kí á jọ lọ.” Ó ń wà á, mo gbé sikánà lé itan, a gba Mọ́níyà jáde. Bí ó ṣe tẹ̀ ẹ́ tí tọ́bò ń súfèé, iná check engine bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Sikánà kọ P0300, ó kọ P0302, ó kọ P0304: àwọn sílíńdà ń já, pàápàá ìkejì àti ìkẹrin. A dúró lábẹ́ igi kan, a dúró títí ẹ́ńjìnnì fi tutù, mo yọ plọ́ọ̀gì kan. Tuntun ni, ó ń dán. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára dé òpin. Ó parí sí 11. Mo mú gééjì. Mìlímítà 1.1. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí 0.8 ni ẹ́ńjìnnì yẹn ń fẹ́.

Mo rọra tẹ irin òkè wálẹ̀ títí gééjì fi ń fà ní 0.8, mo dì wọ́n padà, a gbéra. Tírélà kan wà níwájú wa. Àǹtí wo dígí, ó wo ojú ọ̀nà, ó tẹ̀ ẹ́, mọ́tò náà sì lọ bí ìgbà tí wọ́n ju òkò.

Mi ò jẹ́ kó máa fi plọ́ọ̀gì yẹn rìn lọ títí. Tí a bá tẹ irin òkè tó 0.3, ojú rẹ̀ kì í kọjú sí ti ìsàlẹ̀ dáadáa mọ́, etí rẹ̀ kan á sún mọ́ ọn ju ìkejì lọ. Ilé iṣẹ́ NGK kìlọ̀ pé kí á má ṣe yí ẹnu plọ́ọ̀gì wọn padà kọjá nǹkan bí 0.2 sí bí wọ́n ṣe ṣe é. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi fúnra mi ló lọ sọ́jà, mo gbé gééjì sápò, mo wọn plọ́ọ̀gì lójú ẹni tó ń tà á. Owó kọ́ìlì méjèèjì, mo dá a padà fún Àǹtí, nítorí kò sí ohun tó ṣe kọ́ìlì tí mo yọ kúrò.

Kí ló dé tí 1.1 kò fi dààmú mọ́tò yẹn ní Mọ́kọ́lá, tó wá ń dààmú rẹ̀ lẹ́yìn Mọ́níyà? Ará Jámánì kan, Friedrich Paschen, ti kọ ohun tó ṣàlàyé rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1889, nígbà tí mọ́tò tí Karl Benz ṣe kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Paschen rí i pé ohun méjì ló ń pinnu bí agbára iná tó lè ya afẹ́fẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó: bí àlàfo náà ṣe fẹ̀ sí, àti bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣe ki sí. Èkíní ń sọ ìkejì di púpọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ki ní ìlọ́po méjì, àlàfo 0.55 á fẹ́rẹ̀ẹ́ le fún iná láti fò bí 1.1 ṣe le tẹ́lẹ̀.

Ẹ ronú nípa ẹni tó fẹ́ la ọjà Bódìjà kọjá. Bí ó bá jẹ́ àárọ̀ kùtù kí àwọn aláta tó pàtẹ, ìrìn fàájì ni. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọdún, á fi èjìká la èrò. Gígùn ọ̀nà náà kò yí padà. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra ṣiṣẹ́ lójú kan, tàbí tó ń fà díẹ̀díẹ̀ nínú gòsílóò, ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló ń wọ sílíńdà, mọ̀nàmọ́ná á sì fò ó kọjá láìsí wàhálà. Ẹ wá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Èéfín tó ń jáde lọ á yí kẹ̀kẹ́ tọ́bò, kẹ̀kẹ́ kejì lórí irin kan náà á máa ti afẹ́fẹ́ wọlé. Afẹ́fẹ́ tó yí wa ká ń tẹ̀ wá ní bíi bar 1. Bí tọ́bò bá fi bar 1 mìíràn kún un, afẹ́fẹ́ inú sílíńdà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, písítìnì á sì tún gbá gbogbo rẹ̀ jọ sínú yàrá tóóró. Inú èrò yẹn ni iná ti gbọ́dọ̀ fò.

Kọ́ìlì ló ń tì í. Fólítì 12 sí 14 ni bátìrì àti ọtanétọ̀ ń fún un. Òun á sọ ọ́ di 20,000 tàbí 30,000, àwọn tó lágbára ń lé ní 40,000. Ṣùgbọ́n ó níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń sáré sí i ni àkókò tí kọ́ìlì ní láti kó agbára jọ ṣe ń kúrú sí i. Bí ohun tí afẹ́fẹ́ ń béèrè bá ju ohun tí kọ́ìlì ní lọ, iná á kọ̀ láti fò, tàbí kó wá ibòmíràn gbà. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀. Rọ́bà kọ́ìlì tó ti gbó, tánganran tó ti sán, wọ́n ti lanu. Ẹ ó rí ipa dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára tánganran níbi tí iná ti ń sá gbà. (Àwọ̀ ìpáàrà tó máa ń yí tánganran ká lókè ibi tó ti wọ inú irin kì í ṣe àmì pé plọ́ọ̀gì ń jò. Agbára iná ló ń fa èérí òróró inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Kò pa plọ́ọ̀gì lára. Mo ti rí ọ̀pọ̀ plọ́ọ̀gì tó dára tí wọ́n jù nù nítorí rẹ̀, ó sì máa ń dùn mí.)

Epo tí kò rí iná jó kò dúró síbẹ̀. Á bá èéfín jáde, á lọ jó nínú kátálísì tó wà lójú ọ̀nà sàlẹ́ńsà, kátálísì á gbóná títí á fi yọ́. Nítorí náà, bí iná check engine bá ń ṣẹ́jú, tí kì í ṣe pé ó kàn tàn, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe ní ẹ fẹ́ délé ná.

Ẹni tó bá gbọ́ gbogbo èyí lè ní kí á kúkú pa ẹnu plọ́ọ̀gì pọ̀ sí 0.5 kí á sùn. Mo ti ṣe iṣẹ́ lẹ́yìn àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀. Iná tó bá bí láàárín irin méjì tó fún mọ́ra jù kò rí epo tó pọ̀ gbá mú, irin méjèèjì á sì fa ooru rẹ̀ mu, bí ọmọ titun tí wọ́n gbé sórí ilẹ̀ tútù. Nígbà mìíràn ó ń kú kó tó gbilẹ̀. Mọ́tò á máa gbọ̀n lójú kan, á máa ṣòroó jí láàárọ̀, á sì máa mu epo. Àlàfo tó tọ́, lójú tèmi, ni èyí tó fẹ̀ jù lọ tí kọ́ìlì ṣì lè fò láìkùnà nígbà tí tọ́bò bá ń tì dé òpin agbára rẹ̀. N kò mọ nọ́ńbà kan tó lè dúró fún gbólóhùn yẹn lára gbogbo mọ́tò.

Síbẹ̀, a ní ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀. Mọ́tò tí kò ní tọ́bò, irú Corolla tó kún ìgboro, 1.0 sí 1.1 ló wọ́pọ̀ lára wọn. Èyí tó bá tọ́bò wá láti ilé iṣẹ́, 0.7 sí 0.8 ni púpọ̀ nínú wọn ń fẹ́. Ìwé mọ́tò náà ni ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe páálí plọ́ọ̀gì, nítorí irú plọ́ọ̀gì kan náà lè wọ mọ́tò ogún tí ìlò wọn kò jọra. Lára NGK, 11 tó bá gbẹ̀yìn orúkọ ń sọ pé 1.1 ni wọ́n ṣe ẹnu rẹ̀ sí. 8 ń sọ pé 0.8 ni. Ì bá jẹ́ pé mo kà á lọ́jọ́ yẹn!

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé Golf GTI wá sọ́dọ̀ mi, tí wọ́n ti jẹ́ kí wọ́n tún ọpọlọ mọ́tò kọ kí tọ́bò lè tì kọjá bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà ni wọ́n ń béèrè. “Ẹ̀gbọ́n, èló ni kí n fi sí?” Mo máa ń bi wọ́n léèrè padà: bar mélòó ni ó ń tì báyìí? Kọ́ìlì wo ló wà níbẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ ńkọ́? Lẹ́yìn ìyẹn, a ó bẹ̀rẹ̀ níbi tí ilé iṣẹ́ fi í sí. Bí ó bá ń já nígbà tí tọ́bò tì dé góńgó, a ó dín in kù ní 0.05, a ó tún gbé e jáde. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ibi tó bá ti ṣíwọ́ jíjá ni àwa náà ti ń ṣíwọ́. Àwọn kan dúró sí 0.7, àwọn kan sí 0.65; n kì í fẹ́ kí ó wálẹ̀ kọjá 0.6. Irú àwọn mọ́tò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fẹ́ plọ́ọ̀gì tó tutù ní ìpele kan sí i, èyí tó ń tètè gbé ooru kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kí ẹni tó ń rà á ṣọ́ra níbẹ̀: lára NGK àti Denso, bí nọ́ńbà ooru bá ṣe tóbi sí ni plọ́ọ̀gì ṣe tutù sí, lára Bosch, òdìkejì rẹ̀ ni.

Ohun kan wà tí mo kórìíra nínú iṣẹ́ yìí, n ó sì sọ ọ́. Kọ́ìlì tó ń kú lọ kì í lè fò 0.8 mọ́, ṣùgbọ́n ó lè ṣì fò 0.6. Mẹ́káníìkì tó bá fẹ́ gbowó kíá á pa ẹnu plọ́ọ̀gì pọ̀, jíjá á dáwọ́ dúró, oníbàárà á dúpẹ́, á sì lọ. Lẹ́yìn oṣù kan, kọ́ìlì yẹn á kú pátápátá, bóyá láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, lálẹ́. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ ti fi ẹ̀mí ẹlòmíràn ṣòwò. Kí á tó fọwọ́ kan àlàfo tó ti wà ní bí ìwé ṣe wí, ẹ jẹ́ kí á dán kọ́ìlì wò. Kò gba irin iṣẹ́ olówó ńlá. Bí sikánà bá sọ P0302, sílíńdà kejì ni. Ẹ gbé kọ́ìlì ìkejì sórí ìkẹta, ti ìkẹta sórí ìkejì, kí ẹ sì gbé mọ́tò jáde. Bí ó bá di P0303, kọ́ìlì ni ọ̀daràn. Bí ó bá dúró sí P0302, ẹ padà sórí plọ́ọ̀gì àti nọ́sù. Ká ní mo ti ṣe èyí fún Passat yẹn, n kì bá tí ra kọ́ìlì kankan.

Àlàfo kì í sì í dúró bí a ṣe fi í sí. Gbogbo ìgbà tí iná bá fò ló ń jẹ irin díẹ̀. Èyí tí ọjà ń pè ní kọ́pà, nickel ló bò ó lẹ́nu, bàbà wà nínú lọ́hùn-ún kó lè gbé ooru lọ. Nickel máa ń tètè jẹ. Iridium le jù ú lọ fíìfíì, ooru tó kọjá 2,400 °C ló lè yọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè ṣe orí rẹ̀ kó tẹ́ẹ́rẹ́ tó 0.4 lára àwọn Denso kan. Mọ́tò tó ń ṣe dáadáa ní ọdún tó kọjá, tó wá ń já lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, tí a ò fọwọ́ kàn án, ẹ wọn ẹnu plọ́ọ̀gì rẹ̀ kí ẹ tó ná owó sí ohunkóhun. Bí irin bá ti jẹ, àárín rẹ̀ máa ń jin kòtò, gééjì pẹlẹbẹ á sì gba orí kòtò náà kọjá bí afárá, á máa pa irọ́ fún yín. Gééjì oníwáyà, tó rí rógódó, ló ń wọ inú rẹ̀ tó ń sọ òótọ́.

Orí iridium yẹn, ẹ má fi gééjì onírin bíi kọ́bọ̀ tì í. Ó le, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹ́. Irin òkè nìkan ni kí ẹ mú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má ṣe fi irin kankan gbé ara lé ti àárín. Plọ́ọ̀gì tó bá já bọ́ sórí kọnkéré, n kì í lò ó mọ́, bó ti wù kó dán tó.

Dídì rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí ẹ́ńjìnnì tutù. Kí á fi kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ erùpẹ̀ kúrò nínú ihò kí á tó tú èyí tó wà níbẹ̀, nítorí erùpẹ̀ ìlú wa yìí kò gbọdọ̀ bọ́ sínú sílíńdà. Kí á fi ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dì í, nítorí orí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe kì í dárí ji tírẹ́ẹ̀dì tó wọ́. Nm 25 sí 30 tó fún tírẹ́ẹ̀dì mìlímítà 14 tó ní wáṣà. Ẹni tí kò bá ní sípánà tó ń wọn agbára, kí ó fi ọwọ́ dì í dé ìdí, kó wá fi sípánà yí i ní ìdajì àyíká tàbí kó lé díẹ̀. N kì í fi gíríìsì kankan sí tírẹ́ẹ̀dì plọ́ọ̀gì tuntun: ó ń jẹ́ kí ọwọ́ dì í jù láìmọ̀.

Nínú ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, kò sí plọ́ọ̀gì tó ń ti inú páálí bọ́ sínú ẹ́ńjìnnì tààrà, bí wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sí páálí pé àwọn ti wọ̀n ọ́n tán. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ tó kéré jù nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi jókòó sórí táyà, ó to mẹ́rin tuntun sórí aṣọ ìnuwọ́, ó ń ki gééjì bọ̀ wọ́n lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta jẹ́ 0.75. Ó pẹ́ lórí ìkẹrin. Ó dìde, ó gbé e wá bá mi, ó ní, “Ọ̀gá, 0.62 lèyí, àbí ọwọ́ mi ni kò tọ́?” Mo ní kó tún un wọ̀n. Ó padà lọ jókòó sórí táyà, ó nu gééjì mọ́ ṣòkòtò, ó sì tún un wọ̀n.